Ohùn Fadékẹ́ àti Ariwo Fáànù

Ọjọ́ Ajé, 9 Fébúárì 2004

Dókítà ti dá ọjọ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀. Ó fi ìdí báírò fa ìlà sí ọrùn ara rẹ̀ láti fi ibi tí wọ́n máa gé hàn wá. Gbogbo gògóńgò ni wọ́n fẹ́ yọ, nítorí jẹjẹrẹ náà ti fìdí múlẹ̀ síbẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́ tán, Fadékẹ́ á máa mí láti ọrùn, á jẹun, á rìn, á ṣe gbogbo nǹkan, àmọ́ kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìkìlọ̀ ara páálí oògùn. Mo fẹ́ bínú sí i, mo wá rí i pé òógùn bo iwájú orí òun náà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa bọ̀, nígbà tí a kọjá ọjà Uselu, Fadékẹ́ kọjú sí mi. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò dárúkọ àìsàn rárá. Ó ní, "Bàbá Àrìnpé, lọ́jọ́ tí Àrìnpé bá ń lọ sílé ọkọ, tó bá kúnlẹ̀ níwájú wa, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n kàn máa wò ó bí ère?" Ohùn rẹ̀ ti há débi pé mo ní láti sún etí mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fẹ́ ká gba ohùn òun sílẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé: ìwúre ìgbéyàwó fún Àrìnpé, òmíràn fún Iredélé. Àrìnpé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn o, Iredélé ọmọ mẹ́fà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní inú kọ̀ǹpútà la máa gbà á sí, ká wá kọ ọ́ sórí síídì, kò ní bàjẹ́ láéláé.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì ló kù. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́rú, 11 Fébúárì

Mo gbé kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ wa sórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn, mo gbé máìkì síwájú Fadékẹ́, mo ní kó ka Sáàmù kan ká fi dán an wò. Nígbà tí a gbọ́ ọ padà, ariwo fáànù inú kọ̀ǹpútà ló kún etí wa, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní ọjà Ekiosa. Ohùn ìyàwó mi wà lábẹ́ rẹ̀ níbì kan.

Mo fi ètò kan tó ń fọ ariwo fọ̀ ọ́. Ó fọ ariwo, ó fọ Fadékẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn: ohùn rẹ̀ ti di afẹ́fẹ́, ariwo fáànù náà afẹ́fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tí ì bá mú nínú méjèèjì. Àfi kí fáànù máa rọra yí. Wọ́n ní irú èyí tí kì í pariwo wà l'Ékòó, owó rẹ̀ sì tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà ní yàrá àyẹ̀wò físíìsì ní yunifásítì. Bí mi ò bá lè mú kí fáànù kan rọra yí, kí ni mò ń gba owó oṣù lé lórí?

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Fébúárì

Èyítáyọ̀, àbúrò Fadékẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, yà sọ́dọ̀ wa nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó yọ rẹ́kọ́dà kékeré kan jáde nínú báàgì, èyí tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú bátìrì tuntun mẹ́rin nínú ọ̀rá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ sínú eléyìí ná, kí ẹ tó ṣe ti kọ̀ǹpútà tán."

Mo rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ohùn ìyá mi. Kò pé ọdún mẹ́ta tó fi bu nínú dúrọ́ọ̀, nígbà tí a sì fi sínú rédíò, rédíò jẹ ẹ́ fọ́nrán fọ́nrán. Ikú pa ìyá mi, rédíò tún wá jẹ ohùn rẹ̀. Mo ní mi ò tún ní fi ohùn ẹnikẹ́ni sínú kásẹ́ẹ̀tì mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ti ìsinsìnyí ni mò ń wí."

Mo gbé rẹ́kọ́dà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn bó ṣe wò mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Fébúárì

Mo lọ sí Uselu lọ́dọ̀ Nosakhare, ọmọ Ẹ̀dó kan tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Mo ṣàlàyé ohun tí mò ń wá. Ó ní, "Oga, just buy another fan now. Why you dey suffer yourself?" Mo ní èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ fi sùúrù bá sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ta rẹsísítọ̀ márùn-ún tó ń dín agbára iná kù fún mi ní náírà mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Mo jó ọ̀kan mọ́ wáyà fáànù. Ó rọra yí lóòótọ́, fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òórùn jíjó tó gba yàrá. Rẹsísítọ̀ náà ti dúdú kirikiri. Ó kéré jù fún iṣẹ́ tí mo gbé kà á lórí. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ni mo gbàgbé yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí, òun ló jẹ́ kí n gbàgbé, mo sì ń kọ ọ́ síbí nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Fébúárì

Mo ṣí ẹ̀yìn fáànù, mo kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí ìdí rẹ̀. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi tẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má bàa máa gbọn ara kọ̀ǹpútà. Ariwo dín díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.

Fadékẹ́ ti pa ẹ̀kọ tì, ògì ló ń mu báyìí. Ó ní ẹ̀kọ ń há òun lọ́fun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Fébúárì

Kò sí iná láti ọjọ́rú. Oru mú, a ò rí ibi sá sí. Mi ò rí iṣẹ́ kankan ṣe. Gàrí tún ti gbówó lórí ní ọjà Santana. Ìka ni Fadékẹ́ fi ka iye tí wọ́n pè é fún mi. Ó ní òun ò lè fi ohùn ṣòfò lórí gàrí.

Ọjọ́ Ajé, 23 Fébúárì

Iná dé ní aago márùn-ún ìdájí. Mo fò dìde. Fadékẹ́ àti àwọn ọmọ ti wà ní pálọ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà òwúrọ̀. Mo ní kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹni tó bá mọ NẸ́PÀ kì í fi iná sílẹ̀ lọ kọrin.

Mo yọ wáyà fáànù kúrò níbi iná fólítì méjìlá, mo gbé e sí ti fólítì márùn-ún. Kò yí. Mo fi igi ìgbálẹ̀ tì í díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń lọ jẹ́jẹ́, kò dún! Èmi ni mo wá pariwo. Àrìnpé sáré wọlé.

"Daddy, wetin happen?"

Mo ní, "Fáànù ti dákẹ́."

Ó wo fáànù, ó wò mí, ó ní, "Okay," ó padà lọ wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fébúárì

Fadékẹ́ wẹ̀, ó wọ búláòsì tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni pé ẹnìkan máa rí i. Ó jókòó síwájú máìkì. Ti Àrìnpé ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí mọ́tò ò rí ọ̀nà Ugbowo gbà, tí èmi àti nọ́ọ̀sì kan gbé òun kọjá àgbàrá. Ó sọ ìdí tí ìyá mi fi pè é ní Àrìnpé. Ó ní kí ọkọ má fojú di í, kí òun náà má fẹnu tú ilé ara rẹ̀ ká. Ó ní kò ní fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ. Ó ń sọ ọ́, ó ń dúró mí, ó tún ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí ògiri, mo ń sunkún.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kẹsàn-án, kọ̀ǹpútà kú. Fáànù ti dúró, mi ò mọ ìgbà tó dúró; bí kì í ṣe pé mo ti pa ariwo rẹ̀ tán ni, ǹ bá ti mọ̀. Ooru mú kọ̀ǹpútà, ó sì pa ara rẹ̀. Mi ò tíì fi ohun tó sọ pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ò kù.

Mo ní ká tún bẹ̀rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Bàbá Àrìnpé, ó ti tán nínú mi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì hàn lára áńkáṣíìfù. Èmi ni mo fọ áńkáṣíìfù náà. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Fébúárì

Dókítà ní kó sinmi ohùn fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Kí n má purọ́, inú mi dùn sí i, torí ó fún mi láyè láti tún fáànù ṣe. Mo ka gbólóhùn tí mo kọ tán yìí, irú ẹni tó kọ ọ́ ò sì wù mí.

Ọjọ́bọ̀, 4 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, gbogbo àdúgbò di ẹrẹ̀ pupa. Mo to dáyóòdù márùn-ún tẹ̀lé ara wọn lójú wáyà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bu díẹ̀ jẹ lára iná kó tó dé ọ̀dọ̀ fáànù. Fáànù ń yí, kì í dúró, kọ̀ǹpútà ò sì gbóná. Ṣùgbọ́n ó ku ariwo kékeré kan, bí ẹ̀fọn.

Fadékẹ́ wọlé, ó dúró gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbà á bẹ́ẹ̀."

Mo ní rárá. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ, kí àwọn àna máa bi ara wọn pé kí ló ń hó lẹ́yìn ìyá ìyàwó?"

"Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀."

"Fáànù ni wọ́n máa gbọ́."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbọ́ fáànù, Bàbá Àrìnpé."

Mo ní kó fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fadékẹ́ tí kì í jẹ́ kí n ráyè sọ̀rọ̀ kẹ́yìn láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti fẹ́ ẹ, ó dákẹ́, ó lọ. Mo kà á sí pé mo borí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Máàṣì

Nosakhare bá mi rí i! Ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tó ń díwọ̀n iná, àti kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn rédíò sókè sódò. Ara rédíò tí ẹni tó ni ín ò padà wá gbà ló ti yọ ọ́. "Oga, this one na correct one. You go dey turn am like volume." Ọgọ́jọ náírà ni méjèèjì. Mo gé ara agolo mílíìkì, mo fi dè é lẹ́yìn kó lè máa gba ooru rẹ̀.

Mo yí kókó náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ariwo ń lọ, ó ń lọ, títí mo fi ń gbọ́ aago ara ògiri. Bí ooru bá fẹ́ pọ̀, mo kàn máa yí i sókè díẹ̀. Mo pinnu pé mi ò ní kánjú lọ́tẹ̀ yìí. Mo máa dán an wò dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 11 Máàṣì

Wákàtí mẹ́ta gbáko. Kò dúró, kò gbóná, kò dún. Mo ti ṣe é. Àpapọ̀ ohun tó ná mi ò tó irínwó náírà.

Fadékẹ́ ní ṣé ká gbà á nísinsìnyí. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń sáré kiri. Mo ní kó jẹ́ Sátidé, kí àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ Èyítáyọ̀, kí ilé pa rọ́rọ́. Ó mi orí pé ó dáa. Èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè nígbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Mo ní kó lọ sinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Máàṣì

Lánàá, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kò lè mí mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ojú rẹ̀ ranjú. Mo pe Èyítáyọ̀, ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa. Nígbà tí mo ń gbé e wọ mọ́tò, ó ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn." Ilẹ̀kùn ilé wa ló ń sọ, mo ti fi í sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó fi ohùn rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Wọ́n ní kò sí àsìkò. Kí aago mẹ́wàá tó lù, wọ́n ti lu ihò sí i lọ́rùn kó lè mí. Dókítà ní kí n má retí pé ohùn máa padà, pé wọ́n máa ṣe ìyókù lọ́jọ́rú bí wọ́n ṣe dá a tẹ́lẹ̀.

Òní ni Sátidé tí mo dá.

Ọjọ́ Ajé, 15 Máàṣì

Èyítáyọ̀ tẹ̀lé mi délé láti mú aṣọ Fadékẹ́. Ó rí rẹ́kọ́dà rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, àwọn bátìrì ṣì wà nínú ọ̀rá tó fi kó wọn wá. Ó mú un, ó fi sínú báàgì, ó sì bá mi gbé ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sínú mọ́tò. Ì bá sàn kó bú mi. Mo mọ ohun tó ń rò, torí ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn: ó lé ní oṣù kan tí Fadékẹ́ fi ní ohùn nínú ilé yìí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ la ì bá fi gbà á, èmi ni mi ò gbà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Máàṣì

Wọ́n ti ṣe é lánàá. Wákàtí méje. Ó yè. Mo ń dúpẹ́, ọpẹ́ náà sì korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Máàṣì

Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo tan kọ̀ǹpútà. Kò dún rárá. Mi ò lè dúró tì í. Mo pa á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 Épírì

Fadékẹ́ délé. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìwé ìkọ̀wé ni a rà fún un láti máa kọ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí Àrìnpé ni pé, "Ṣé o ti jẹun? Irun rẹ ti gbó." Ọmọ náà wo ìwé náà títí. Ó ń gbọ́ Yorùbá bí omi ni o, àmọ́ a ò kọ́ ọ láti kà á. A rò pé gbígbọ́ ti tó. Ó ní, "Mummy abeg, write am for English."

Fadékẹ́ fa ìlà sí i, ó tún un kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ̀ láti bá àwọn ọmọ yẹn sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé.

Ọjọ́ Ajé, 5 Épírì

Iná wà láàárọ̀ yìí. Mi ò ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe, ni mo bá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Fadékẹ́ jókòó, àwọn ọmọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ọ̀tún fún Àrìnpé, òsì fún Iredélé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ètè. Kò sí ohùn. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde láti ọrùn rẹ̀. Yóò mi ètè díẹ̀, yóò dúró, àwọn ọmọ yóò ní, "Àmín." Yóò tún mi í, yóò dúró. "Àmín." Wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iredélé di ojú pa, kò wo ẹnu rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ó mọ ibi tó yẹ kó ti ṣe àmín.

Èmi ń wo ẹnu rẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tó padà sí yàrá, mo pe Àrìnpé sí kíṣìnnì. Mo bi í pé kí ni màmá rẹ̀ sọ.

"Na wetin she dey talk every morning, Daddy."

Mo ní kó sọ ọ́ fún mi.

Ó wo ilẹ̀, ó ń tijú, ó wá sọ ọ́, Yorùbá láti òkè délẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbé e gba ibi tí kò yẹ. Mi ò gbọ́ Yorùbá tó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ yìí rí. "Ẹ jáde ire, ẹ padà wálé ire. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ ò ní sùn lọ. Ojú yín ò ní ríbi, etí yín ò ní gbọ́ ibi. Kí Ọlọ́run fi ọkàn bàbá yín balẹ̀, kó ráyè wá jókòó tì wá."

Mo ní, "Ṣé ìyẹn wà nínú rẹ̀?"

"Yes now."

Mo bi í pé láti ìgbà wo.

Ó ní, "Since you start that fan."